Àdúrà Àárọ̀, Ìwà Ọ̀sán

Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò dé Ọjà Àlàbá rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú dánfó níbẹ̀ lónìí, tí ó rìn wọ àárín àwọn páálí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n tò gọgọrọ, kò ní í pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé òwe òun kò tíì gbó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. N kò sọ pé oníjìbìtì ni gbogbo ará Àlàbá. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970, tí àwọn tó ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti kó wá sí ìhà títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì, ọjà yìí ti bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé, ó sì ti sọ ọmọṣẹ́ di ọ̀gá. Ojúlówó pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ojúlówó àti ayédèrú jọ jókòó sí bí ìbejì, ìyá wọn nìkan ló sì lè dá wọn mọ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: kí ni ó ń mú ènìyàn dúró lórí ohun tí ó gbà gbọ́, nígbà tí onílé ń bèèrè owó, tí ọmọ ń sunkún oúnjẹ, tí kò sì sí ẹni tó ń wò ó? Ibi tí mo ti rí ìdáhùn díẹ̀ yóò yà yín lẹ́nu. Kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Àlàbá ni, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, tó ń ṣe ẹ̀sìn Búdà.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2019 ni mo gbé rédíò ìyá mi lọ bá a. Ìyá ti lọ, rédíò náà sì ti dákẹ́. Gbogbo ẹni tí mo gbé e hàn ló ní kí n sọ ọ́ nù. Ẹnì kan ní Ìyànà-Ìbá ló júwe ọkùnrin yìí fún mi. Ó ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn kan tó ń kùn bí oyin: ọ̀rọ̀ kan náà, léraléra, kò yára, kò sì falẹ̀. Mo dúró títí ó fi parí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Lárúbáwá lẹ ń ké ni, àbí Ifá lẹ ń kì?"

Ó ní, "Kò sí nínú méjèèjì, àbúrò. Nam-myoho-renge-kyo ni mò ń pè. Jókòó. Kí ló ṣe rédíò rẹ?"

Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Agbárá ni ó ń gbé. Ilé ni ó ti ń ṣe àdúrà rẹ̀ níwájú àpótí onígi kékeré kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí gosiló bá máa le, á ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, á wá ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, á kọjú sí ògiri.

Ohun tí ó là yé mi, tí èmi náà sì lọ kà sí i, nìyí. Ó tó 2,500 ọdún sẹ́yìn tí Búdà kọ́ àwọn ènìyàn ní ìhà Nepal àti Íńdíà. Ẹ̀ka tí Ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀lé bẹ̀rẹ̀ ní Japan, lọ́dọ̀ ọmọ apẹja kan tó ń jẹ́ Nichiren, tí wọ́n bí ní ọdún 1222. Ní 28 April 1253 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn láti máa pe orúkọ ìwé mímọ́ kan, ìwé Lotus Sutra. Lotus yìí jẹ́ òdòdó omi, ó jọ òṣíbàtà tiwa: inú ẹrẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ kì í ru ẹrẹ̀ jáde. Wọ́n fẹ́ bẹ́ Nichiren lórí ní ọdún 1271. Nígbà tí wọn kò bẹ́ ẹ mọ́, wọ́n lé e lọ sí erékùṣù Sado, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1274.

Ní ọdún 1930, olùkọ́ ilé ìwé kan, Tsunesaburo Makiguchi, dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Soka Gakkai lónìí sílẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà ogun, ìjọba Japan ní kí gbogbo ènìyàn gba ohun ìsìn ìjọba sílé. Ó kọ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó kú sí ní 18 November 1944, ó sì jẹ́ ẹni ọdún 73. Ẹgbẹ́ náà ti tàn ká ayé báyìí, wọ́n wà ní Nàìjíríà tiwa náà.

Ní ti àdúrà fúnra rẹ̀, ohun kékeré ni. Láàárọ̀ àti lálẹ́, wọn á jókòó, wọn á mú ìlẹ̀kẹ̀ tó jọ tẹ̀súbàá lọ́wọ́, wọn á ka apá kan nínú orí kejì àti orí kẹrìndínlógún ìwé náà, wọn á sì máa pe ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n tún máa ń pàdé nílé ara wọn láti jọ sọ̀rọ̀ lórí bí ayé ṣe ń lọ fún kálukú. Kò tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ náà nìyẹn: lónìí, lọ́la, lọ́túnla.

Mo ní kí ó dárúkọ ẹnì kan tí mo mọ̀ tó ń ṣe é. Ó na ọwọ́ sí àpótí kásẹ́ẹ̀tì, ó fa Tina Turner yọ. Ẹ rántí olórin yìí? Ó kọrin ní Accra ní 6 March 1971, níbi àríyá Soul to Soul. Ọdún 1973 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Nam-myoho-renge-kyo, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń lù ú bí ẹni lu bàrà. Ọdún 1976 ni ó tó sá jáde, pẹ̀lú sẹ́ǹtì 36 lọ́wọ́. Ó sì ń bá àdúrà náà lọ títí ó fi kú ní 2023. Ẹ wo ọdún tó wà láàárín 1973 àti 1976. Àdúrà kò dá ẹ̀ṣẹ́ ọkọ dúró lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo wá bi Ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè tó wà nínú mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Bí ènìyàn bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́, ṣé kì í di ọ̀rọ̀ ẹnu odídẹrẹ́? Mo mọ àwọn tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo mọ àwọn tó ń gba àdúrà òru, tí wọ́n sì ń yan ènìyàn jẹ lọ́sàn-án."

Ó gbé irin tí ó fi ń jó wáyà sílẹ̀. Ó ní, "Èmi náà wà lára wọn rí."

Oṣù kìíní ọdún 2012 ni, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí ìyanṣẹ́lódì sì ti gbogbo ìlú pa. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe fún un. Kò sí owó. Ọ̀gá kan wá bá a pẹ̀lú iṣẹ́: kí ó tún àwọn tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ ṣe, kí ó pààrọ̀ ẹ̀yìn wọn, kí ó nù wọ́n kí wọ́n máa dán, kí ó sì kó wọn sínú páálí tuntun. Wọn yóò tà wọ́n ní tuntun. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́fà.

Mo ní, "Ẹ pa àdúrà tì nígbà yẹn ni?"

Ó ní, "Rárá o! Àdúrà tún pọ̀ sí i ni. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí."

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, opó kan tó ń se oúnjẹ tà ní Ìyànà-Ìbá gbé tẹlifíṣọ̀n kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun rà á kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wo bọ́ọ̀lù bí wọ́n bá ń jẹun. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Ẹni tó tà á fún un ní ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Ẹnì kan ló wá júwe oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó sì rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní kí obìnrin náà padà wá lọ́jọ́ kejì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó níwájú àpótí rẹ̀, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà, kò sì lè pè é já. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí: "Ẹnu mi ń pè é, ọwọ́ mi ń sẹ́ ẹ." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ òótọ́ fún obìnrin náà. Ó bú u lójú gbogbo ayé, ó bú ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Oṣù mẹ́rin ni Ẹ̀gbọ́n fi san owó rẹ̀ padà. Ọ̀gá yẹn kò gbé iṣẹ́ wá mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní òmùgọ̀.

Mo ní, "Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó yè. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló dá owó. Oníwèé ìròyìn, má lọ kọ ọ́ pé Búdà ló fún wa lówó o!"

Mo ti ro ìtàn yìí lọ, mo rò ó bọ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àdúrà ojoojúmọ́ kò sọ ọkùnrin yìí di ẹni mímọ́. Ó ń gbàdúrà, ó sì ń ṣe jìbìtì. Ọjọ́ mẹ́fà ni àwọn méjèèjì fi jọ gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé àárọ̀ àti alẹ́ ni ó ń padà sí ibì kan náà, ibẹ̀ ni irọ́ rẹ̀ ti bá a. Ká ní ó máa ń gbàdúrà nígbà tí ó bá wù ú nìkan ni, ì bá ti sún un síwájú títí ọkàn rẹ̀ yóò fi gbàgbé. A máa ń rò pé ẹni tó di ìgbàgbọ́ mú ni ẹni tí kì í ṣubú. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú ni, tí ìtìjú kò sì lé e sá.

Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́jà. Ní ọdún 1277, Nichiren kọ lẹ́tà sí jagunjagun kan, Shijo Kingo, ẹni tí inú máa ń tètè bí, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti bínú sí. Ó sọ fún un pé ìṣúra inú àká dára, ti ara dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ti ọkàn ló ga jù. Ó tún jẹ́ kó yé e pé bí ènìyàn ṣe ń hùwà sí ọmọnìkejì rẹ̀ ni ìdí tí Búdà fi wá sáyé. Nígbà tí mo ka èyí, mo bú sẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa ń sọ ni, pé ìwà lẹ̀sìn? Ó rìn títí dé Japan, àbí ó ti Japan wá, ilé kan náà ló dé sí.

Ẹ̀gbọ́n tún rédíò ìyá mi ṣe. Ó ní kì í ṣe lílò ló bà á jẹ́, àìlò ni. Bí iná kò bá kọjá nínú àwọn ohun kan nínú rédíò fún ọdún púpọ̀, ṣe ni wọ́n ń kú síbẹ̀. Mo rántí ìyá mi, tó ń jí ní aago márùn-ún gbàdúrà, tí èmi sì ń fi ìrọ̀rí bo etí. Mo ti pa àdúrà tì láti ìgbà tí a sin ín.

N kò di ẹlẹ́sìn Búdà o. Ṣùgbọ́n ní aago márùn-ún àárọ̀, mo máa ń tan rédíò yẹn, mo máa ń dín ohùn rẹ̀ kù, n ó gbàdúrà díẹ̀, n ó sì bi ara mi pé ta ni mo yàn jẹ lánàá. Ìdáhùn kì í sábà dùn. Lọ́jọ́ kan, àpò ìwé tí wọ́n fi owó ọkọ̀ sí, tí mo gbà kí n tó kọ ìròyìn dáadáa nípa ẹnì kan, ni ó wá sí mi lọ́kàn. N kò rí owó náà dá padà, mo ti ná an. Ṣùgbọ́n n kò gba òmíràn láti ìgbà náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ti ń pe èmi náà ní òmùgọ̀.

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tó kùtà lánàá, ṣé a kì í tún gbé e jáde lónìí? Ẹ̀yin náà, ẹ bi ara yín léèrè: kí ni ẹ ń padà sídìí rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó lè mú irọ́ yín kí ó tó gbó?