Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò: Kí Ni Òdodo Nínú Ilé?



Kò sí ilé tí ọmọbìnrin kékeré méjì ń gbé tí a kì í ti í gbọ́ ẹjọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ìyá ń kánjú kí gbogbo ilé má baà pẹ́ dé Mísà, ẹjọ́ àkọ́kọ́ a ti délẹ̀: "Màmá, tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ." Ẹyin kan ni ìyá sè. Ó fi òwú gé e sí méjì, bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe kí ó má baà fọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wò ó, ọmọ ọdún mẹ́rin wò ó, olúkúlùkù sì rí i pé èyí tí ó wà lọ́wọ́ èkejì ni ó pọ̀ jù. Àwa àgbà a rẹ́rìn-ín, a ó sì wí pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń bèèrè kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Òun ni àwọn amòye ti ń jiyàn lé lórí láti ayébáyé: kí ni òdodo?

Tọ́másì Mímọ́ ti Akúínò, ẹni tí ó kú ní ọdún 1274, kọ́ wa pé òdodo ni ìpinnu ọkàn tí kì í yẹ̀, láti máa fún olúkúlùkù ní ohun tí ó tọ́ sí i. Ohun tí ó tọ́ sí i: níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ òbí wà. Ta ni yóò sọ fún wa ohun tí ó tọ́ sí ẹ̀gbọ́n, àti èyí tí ó tọ́ sí àbúrò?

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni pé kí a fún wọn ní dọ́gba-dọ́gba, kí ìjà lè parí. Aṣọ àǹkó ni kí a rán fún wọn ní Kérésìmesì; bí a bá ra bàtà fún ọ̀kan, kí a ra fún èkejì. Ìdáhùn yìí ní ọlá tirẹ̀, nítorí pé ó ń dáàbò bo ọmọ tí ọkàn òbí kò fà sí púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dì í mú láìronú, kì í pẹ́ di ìwà òmùgọ̀. Bí ibà bá mú àbúrò, ṣé a ó fún ẹ̀gbọ́n tí ara rẹ̀ le ní oògùn pẹ̀lú, kí ó má baà wí pé a rẹ́ òun jẹ? Bí bàtà ẹ̀gbọ́n bá já, tí ti àbúrò sì dára, ṣé kí ẹ̀gbọ́n máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ilé-ìwé títí owó bàtà méjì yóò fi pé?

Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìpín kò rọrùn. Nígbà tí baálé tí ó ní aya púpọ̀ bá kú, ọ̀nà méjì ni àṣà Yorùbá mọ̀ láti pín ogún rẹ̀. Nínú ìdí-igi, iye àwọn aya tí ó bímọ fún un ni a ń kà. Ìdí kọ̀ọ̀kan a gba ìpín kan, ìbáà jẹ́ ọmọ kan ni ó wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ mẹ́fà. Nínú orí-ò-jorí, iye àwọn ọmọ ni a ń kà, olúkúlùkù a sì gba tirẹ̀. Ẹjọ́ kan láti Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ọ̀nà méjèèjì ni a lè pè ní ọ̀nà ìdọ́gba. Ọ̀kan mú àwọn ìdí dọ́gba, èkejì mú àwọn ọmọ dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé "Ẹ pín in dọ́gba" kò tí ì dáhùn ìbéèrè wa. Ó ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tí a ó kà.

Ìdáhùn kejì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé wa: "Ṣebí ìwọ ni ẹ̀gbọ́n? Fi í sílẹ̀ fún un." Èyí náà ní ọlá tirẹ̀. Ó ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, ó sì ń rán an létí pé ẹni tí ó lágbára ni ó yẹ kí ó gba aláìlágbára mọ́ra. Nínú àṣà wa, ẹrù ẹ̀gbọ́n kì í dá wá. Iyì a máa bá a rìn. Àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní orúkọ lásán, kì í sì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, mélòó nínú wa ni ó gbé ẹrù lé ẹ̀gbọ́n lórí tí ó sì gbàgbé iyì? Òun ni ó pọn omi, òun ni ó fọ àwo, òun ni ó pọn àbúrò nígbà tí ìyá lọ sí ọjà. Nígbà tí ẹran dé, a ní kí ó yọ̀ǹda, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni. Nígbà tí àbúrò fọ́ àwo, ẹ̀gbọ́n ni a nà, nítorí pé kò mú ojú tó o. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ìyá ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ ni òun náà.

Kí a má sì rò pé àbúrò ni ó jèrè. Òun ni ó ń wọ aṣọ tí ó ti kéré fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọdún dé, ọdún lọ. Òun ni a kì í bi léèrè ohun tí ó fẹ́. Èyí tí ó sì burú jù ni pé ó ti kọ́ pé ẹkún ni kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ọmọ tí a tọ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbé ẹkún náà dé ilé ọkọ àti ibi iṣẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní wí fún ẹlòmíràn pé, "Fi í sílẹ̀ fún un."

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì fi ibi tí èyí lè já sí hàn wá ní orí kọkàndínlọ́gbọ̀n. Jákọ́bù sin Lábánì fún ọdún méje nítorí Rákélì, èyí àbúrò. Ní alẹ́ ìgbéyàwó, Léà, èyí ẹ̀gbọ́n, ni Lábánì mú wọlé fún un. Nígbà tí Jákọ́bù bèèrè ìdí rẹ̀, Lábánì fi àṣà dáhùn: wọn kì í fi àbúrò fún ọkọ ṣáájú ẹ̀gbọ́n ní ilẹ̀ wọn. Àṣà náà lè dára. Ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kàn án ní ọjọ́ tí wọ́n dá àdéhùn. Ẹ̀tàn ni ó ṣe, ó sì fi ipò ẹ̀gbọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ta ni ó jìyà rẹ̀? Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ni. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n jẹ́ alátìlẹ́yìn ara wọn di orogún lábẹ́ òrùlé kan náà.

Bí ìdọ́gba lásán kò bá tó, tí ipò ẹ̀gbọ́n nìkan kò sì tó, kí ni ó kù? Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan tí ọmọbìnrin kékeré méjì ti dàgbà. Ní ìlú Alençon, ní ilẹ̀ Faransé, Louis Martin ń ṣe iṣẹ́ aago, Zélie aya rẹ̀ sì ń ṣe òwò léèsì. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí. Mẹ́rin kú ní kékeré, ó sì ku ọmọbìnrin márùn-ún. Àwọn méjì tí ó kéré jù ni Céline, tí a bí ní 1869, àti Thérèse, tí a bí ní 1873, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Tèrésà Mímọ́ ti Ọmọ Jésù. Àwọn lẹ́tà tí Zélie kọ nípa àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà títí di òní. Kò fi ohunkóhun pamọ́ nínú wọn. Ó wí pé ọkàn Céline fà sí ohun rere. Pé Thérèse gbọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìwà pẹ̀lẹ́ tó Céline, àti pé bí ó bá ti wí pé òun kò ṣe, kò sí ohun tí ó lè yí i lọ́kàn padà. Àwọn méjèèjì a máa jà. Nígbà mìíràn Thérèse fúnra rẹ̀ ni yóò sáré lọ jẹ́wọ́ fún ìyá pé òun ti Céline lulẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò ṣeé yà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Thérèse kúrò lórí ibùsùn rẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó wá wọ aṣọ fún un pé bí adìyẹ funfun kékeré méjì tí a kò lè yà ni àwọn rí. Ìyá tí ó lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti wo àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Zélie kú ní 1877, nígbà tí Thérèse jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, Pauline ẹ̀gbọ́n wọn sì di ìyá fún un. Ní ọjọ́ kan, ọmọ náà sọ ohun tí ó ń dà á láàmú: kí ló dé tí Ọlọ́run kò fi fún gbogbo àwọn àyànfẹ́ ní ògo dọ́gba-dọ́gba ní ọ̀run? Ó ń bẹ̀rù pé inú àwọn kan kò ní dùn níbẹ̀. Pauline kò bá a jiyàn. Ó ní kí ó mú ife ńlá bàbá wọn wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun kékeré tí aránṣọ ń fi bọ orí ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún un, ó pọn omi kún méjèèjì, ó sì bèèrè èyí tí ó kún jù. Ọmọ náà rí i pé méjèèjì kún, kò sì sí èyí tí ó tún lè gba omi sí i. Ó kọ ìtàn yìí sínú ìwé tí a tẹ̀ jáde ní 1898, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, Ìjọ ka Louis àti Zélie pàápàá mọ́ àwọn ẹni mímọ́.

Ẹ̀kọ́ náà nìyí, ẹ̀yin ará: iṣẹ́ òbí kì í ṣe kí omi inú ife méjì dọ́gba, bí kò ṣe kí àwọn méjèèjì kún. Ẹni tí yóò sì mú ife kún gbọ́dọ̀ mọ bí ife náà ti jinlẹ̀ tó.

Ẹnìkan lè wí pé: "Ọ̀rọ̀ yìí léwu. Bí a bá gbà pé ìpín lè yàtọ̀, òbí tí ó fẹ́ràn ọ̀kan jù yóò fi í ṣe àwáwí." Òtítọ́ ni. Jákọ́bù, tí ó ti rí ìyà Léà àti Rákélì lójú ara rẹ̀, ni ó tún rán ẹ̀wù àrà-ọ̀tọ̀ fún Jósẹ́fù nìkan láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀wù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí Jósẹ́fù lọ. Báwo wá ni a ó ṣe mọ ìyàtọ̀ òdodo yàtọ̀ sí ojúsàájú? Òṣùwọ̀n kan nìyí: ṣé o lè sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba fún ọmọ tí tirẹ̀ kéré, kí o sì máa wò ó lójú? "Mo ra bàtà fún àbúrò rẹ nítorí pé tirẹ̀ ti já, bí tìrẹ bá já, èmi yóò ra tìrẹ." Ọmọ lè sunkún, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ìdí tí ó lè kan òun náà lọ́la. Ìdí wo ni Jákọ́bù lè sọ fún Rúbẹ́nì? Pé òun fẹ́ràn Jósẹ́fù jù ú lọ ni. Ìdí tí ó wá láti inú àìní ọmọ ṣeé sọ. Èyí tí ó wá láti inú ojúsàájú òbí kò ṣeé sọ.

Olúwa wa fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà hàn ní Bẹ́tánì, nínú Ìhìnrere Jòhánù Mímọ́, orí kọkànlá. Lásárù kú, àwọn arábìnrin rẹ̀ méjèèjì sì wá bá Jésù ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Màtá àti Màríà sọ: pé bí ó bá ti wà níbẹ̀ ni, arákùnrin wọn kì bá tí kú. Ẹjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn kò jọra. Màtá, tí ó dúró tí ó ń bá a sọ̀rọ̀, ni ó fún ní ẹ̀kọ́ nípa àjíǹde. Màríà, tí ó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí ó ń sunkún, ni ó bá sunkún. Ta ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù? Ẹ má ṣe gbìyànjú láti wọ̀n ọ́n. Kí ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀ ni Ìhìnrere ti sọ fún wa pé Jésù fẹ́ràn Màtá, àti arábìnrin rẹ̀, àti Lásárù. Ìfẹ́ náà kò ní ẹ̀gbọ́n, kò sì ní àbúrò.

Nítorí náà, àwọn ohun kan wà tí ó gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú ilé láìyẹ̀. Etí òbí gbọ́dọ̀ dọ́gba: a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin gbọ́dọ̀ dọ́gba: bí irọ́ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, kí ó má di àwàdà lẹ́nu àbúrò. Ìfẹ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí a sì máa fi í hàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́, aṣọ, oúnjẹ, ìbáwí àti ìtùnú lè yàtọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ náà yàtọ̀. Kí a má sì fi ọ̀kan ṣe ẹgba fún èkejì, kí a máa wí pé, "Wo àbúrò rẹ, kò ṣe bí tìrẹ." Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tún ìwà ọmọ ṣe; ìkórìíra ni ó ń gbìn sí àárín wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí bàbá àti ìyá kọ̀ọ̀kan wá ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan, láìsí èkejì nítòsí. Kí ẹ̀gbọ́n gbọ́ "O ṣeun" fún ẹrù tí ó ń gbé. Kí àbúrò gbọ́ ìbéèrè náà, "Kí ni ìwọ fẹ́?" Òbí kò ní wà láyé títí. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọ méjì yìí yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì wa, ara wọn nìkan ni yóò sì kù fún wọn. Bí a ti pín nǹkan fún wọn lónìí ni yóò pinnu bóyá wọn yóò di ọwọ́ ara wọn mú ní ọjọ́ náà, tàbí wọn yóò máa wo ìpín ara wọn.

Kí Ìdílé Mímọ́ ti Násárẹ́tì gbàdúrà fún gbogbo ilé wa. Àmín.