Awọ Tí Ó Ṣẹ́kù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, àwa fúnra wa ni ó ń bá wí.

Ọ̀kan nínú wa sanra púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ dé, dókítà ní kí ó fọn díẹ̀. Ó dín oúnjẹ kù, ó ń rìn ní àràárọ̀, nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, ó ti kúrò ní kílò 118, ó di 76. Ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rá lọ, awọ kò lọ. Ti apá, ti ikùn àti ti itan ń fì sílẹ̀.

Kí ni àwa ṣe? Àwọn kan ní àìsàn ń bẹ nídìí rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Ẹnì kan fi apá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ní ìpàdé, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bùbá alápá gígùn ni ó ń wọ̀ nínú ooru, kò sì gbé ọwọ́ sókè mọ́ bí a bá ń kọrin. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó fà á. Awọ a máa nà, a sì máa súnkì. Ṣùgbọ́n awọ tí ó ti nà fún ọdún púpọ̀ dà bí rọ́bà yẹ̀rì tí ó ti gbó: kò lè fà padà tán mọ́, pàápàá bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe èpè. Eré ìdárayá lè mú kí iṣan le, ṣùgbọ́n kò lè ká awọ tí ó ti pọ̀ jù. Ìpara kò sì lè mú un kúrò. Ibi tí awọ bá ti ṣẹ́po, kí a máa fọ̀ ọ́, kí a sì nù ún gbẹ, kí òógùn má bàa sọ ọ́ di egbò.

Ǹjẹ́ ìgbéraga ni bí irú arábìnrin bẹ́ẹ̀ bá banú jẹ́? Àwọn kan yóò sọ pé ìwà lẹwà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa tí a ń sọ ọ́ náà ni a ń pẹ́ nídìí dígí nítorí gèlè. Ọpẹ́ àti ìbànújẹ́ lè jọ gbé inú ọkàn kan. Iṣẹ́ abẹ wà tí a fi ń gé awọ náà kúrò. Owó rẹ̀ pọ̀, ó ń fi àpá gígùn sílẹ̀, ó sì ní ewu tirẹ̀. Àwọn dókítà a sì máa fẹ́ kí ìwọ̀n ara ti dúró sójú kan fún oṣù mélòó kan ná. Ẹni tí ó ṣe é kò di agbéraga, ẹni tí kò ṣe é kò mọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Òun àti dókítà rẹ̀ ni kí ó gbìmọ̀ rẹ̀, kì í ṣe àwa.

A kì í fi ikùn ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ṣẹ̀sín, nítorí a mọ ohun tí ó gbé. Awọ yìí náà gbé ẹrù, ó sì jẹ́rìí pé a ti sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọ arábìnrin wa lọ, kí a bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a bá tún ń kọrin, kí apá tirẹ̀ náà lè gòkè láàárín tiwa.