Ẹni Tó Gbàgbé Kì Í Ṣe Ẹni Ìgbàgbé

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀

  

Ibi kíkà: Ẹ́kísódù 20:12; Àìsáyà 49:14-16; Jòhánù 19:25-27.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá láàárọ̀ yìí. Arábìnrin kan ló dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Ajíhìnrere, ìyá mi ò mọ̀ mí mọ́. Bí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ní ta nìyí. Bí mi ò bá lọ mọ́ ńkọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ṣebí wọn ò kúkú ní mọ̀ pé mi ò wá."

Mi ò tètè dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nílé tiwa náà, mo sì ti ṣìṣe nínú ẹ̀ kí n tó kọ́gbọ́n.

Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà. Gaàrí tí wọ́n ń yan tà ni wọ́n fi rán mi níléèwé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìwà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n á bi wá ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin kí a tó jẹun tán. Wọ́n á fowó pamọ́ sábẹ́ ìkòkò, wọ́n á gbàgbé ibi tí wọ́n fi sí, wọ́n á wá ní Àǹtí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló jí i. Tó bá di òru, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní àwọn ń lọ sóko, ọkọ àwọn ń dúró de àwọn. Bẹ́ẹ̀ ọkọ wọn ti kú láti 1998.

Ẹbí bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé àdúrà kan. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ló ń pè wọ́n lóru. Wọ́n ní kí wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún! Ẹ̀yin ará, mo wà níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dípúlọ́mà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn ni, ẹnu mi mú bí abẹ. Èmi gan-an ni mo di ọwọ́ wọn mú. Ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ lánàá, a ń bi í léèrè bóyá ó pa ẹnì kan ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ebi ń pa á, orí ẹ̀ ti dàrú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. A ní ó ti jẹ́wọ́. A pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run.

Mo ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò rántí ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún mọ́. Wọ́n kàn ní, "Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tutù."

Arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní kí n gbé Màmá lọ sọ́síbítù. Dókítà bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n wo ìfúnpá wọn. Wọ́n wá sọ fún wa pé àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dìmẹ́ńṣíà ni.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ fún un. Wọ́n á ní àgbà ti ń ṣarán. Nítorí náà a rò pé ọjọ́ orí lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ arúgbó ló wà tí orí wọn pé títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa. Àìsàn ni, ó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí kòkòrò ṣe ń jẹ ìwé láti inú. Ní 1901, ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Deter wá sọ́dọ̀ dókítà Alois Alzheimer. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Wọ́n ní kó kọ orúkọ ara ẹ̀, kò lè kọ ọ́ tán. Ó kú ní 1906, Alzheimer sì yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí ibi tó ti bàjẹ́. Orúkọ dókítà yẹn ni wọ́n fi ń pe irú dìmẹ́ńṣíà tó wọ́pọ̀ jù títí dòní. Ẹ wò ó, ibi tó ti bàjẹ́ ṣeé fojú rí. Kò sí ẹgbẹ́ àjẹ́ kankan nínú ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ní àìsàn òyìnbó ni. Ọmọ Èkìtì wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan lórí ẹ̀. Ní 1992 ni àwọn dókítà UCH àti àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbàlagbà wò, àwọn Yorùbá ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995, àwọn bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì sì bá iṣẹ́ náà lọ. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001, tí a bá kó 1,000 arúgbó jọ, àwọn bí 13 sí 14 ni àìsàn yìí ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, wọ́n lé ní 30. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tàlá yẹn, ìyá àwọn ènìyàn kan ni wọ́n. Mélòó nínú irú wọn la ti pè ní àjẹ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè arábìnrin wa. Ṣé ìyá tí kò mọ̀ mí mọ́ ṣì ni ìyá mi?

Mo rò ó títí. Mo wá bi ara mi pé, nígbà tí wọ́n bí mi, ta ni mo mọ̀? N kò mọ orúkọ mi. N kò mọ̀ pé obìnrin tó ń pọ̀n mí, ìyá àgbà mi ni. N kò lè kí i, n kò lè dúpẹ́. Òun ló bá mi mọ orúkọ mi títí mo fi lè mọ̀ ọ́n fúnra mi. Òun ló ń fi oríkì ilé wa kí mi láràárọ̀, kí n tó mọ ohun tí oríkì jẹ́. Nínú àwa Yorùbá, ta ló ń sọ ara ẹ̀ lórúkọ? Ẹlòmíràn ní í sọni lórúkọ, ẹlòmíràn ní í kini. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé wa ni ẹlòmíràn ti ń bá wa rántí ẹni tí a jẹ́. Bí iṣẹ́ yẹn bá wá padà kàn wá, kí ló ṣàjèjì níbẹ̀? Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ẹ wo Àìsáyà 49 dáadáa. Ọlọ́run bèèrè bóyá ìyá lè gbàgbé ọmọ tó ń fún lọ́mú. Mo máa ń wàásù ẹ̀ bíi pé ìdáhùn ẹ̀ ni pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀! Òun mọ̀ pé ìyá lè gbàgbé. Ibi tí ìlérí wà ni pé Òun kò ní gbàgbé, Ó ti kọ wá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ gbàgbé kò sọnù. Ìyá tó gbàgbé náà kò sọnù.

Òfin karùn-ún ní ká bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá. Mo wá a títí, n kò rí ibi tó ti ní "bí wọ́n bá ṣì mọ̀ ọ́." Nítorí náà, arábìnrin mi, máa lọ. Lóòótọ́, wọn kì í rántí pé o wá. Ṣùgbọ́n Àǹtí sọ fún mi pé, lọ́jọ́ tí mo bá lọ jókòó ti Màmá, wọ́n máa ń kọrin títí di alẹ́. Wọn ò mọ ẹni tó wá. Ara wọn mọ̀ pé ẹni rere wá.

Ohun tí mo tún fẹ́ ká mọ̀ ni pé ayé ò tíì parí lọ́jọ́ tí dókítà bá sọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tiwa, a ń sọ̀rọ̀ lórí Màmá bíi pé wọn ò sí níbẹ̀. Ni wọ́n bá ní, "Ṣé èmi lẹ ń sọ?" Ojú tì wá. Fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n ṣì ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Torí náà ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí ohùn ṣì wà: ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n fẹ́ gbé, kí ni kí a ṣe nípa ilẹ̀ àti owó wọn. Kí gbogbo ọmọ wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá gbé ìwé ilẹ̀ wá ní kọ̀rọ̀ kí ìyá tí kò mọ ohun tó ń ṣe tẹ̀ka sí i, olè ni, ì báà máa dá ìdámẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun tí ọwọ́ wọn ṣì lè ṣe. Màmá ò lè yan gaàrí mọ́, iná léwu. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ. Wọn ò mọ ọjọ́ tí a wà, àmọ́ bí a bá dá orin ìsìn, wọ́n á kọ ọ́ láti ẹsẹ ìkínní dé ìparí láìwo ìwé.

Nípa ọkọ wọn tí wọ́n ń bèèrè, ó yọ mí lẹ́nu gan-an. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ní, "Màmá, Bàbá ti kú." Wọ́n á bú sẹ́kún bíi pé òní ló kú. Lọ́jọ́ kejì, ẹkún ọ̀tun. Mo ń sin ọkọ wọn lójoojúmọ́! Ṣé kí n wá parọ́ pé ó ń bọ̀ ni? Èmi tí mo ń wàásù òtítọ́? Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń béèrè tiẹ̀ lọ́wọ́ wọn: "Kí ni Bàbá fẹ́ràn láti jẹ?" Ojú wọn á tàn. "Iyán ni. Iyán gbígbóná." Wọ́n á sọ̀rọ̀ títí. N kò parọ́, n kò sì ṣá wọn lọ́gbẹ́. Ọkọ wọn ni wọ́n ń wá, ìròyìn ikú kọ́.

Ó ku ẹnì kan tí a kì í rántí. Àǹtí, ẹni tí Màmá pè lólè, òun náà ló ń wẹ̀ wọ́n, tó ń pààrọ̀ aṣọ wọn lóru. Lọ́jọ́ kan mo bá a lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń sunkún. Ó ní kì í ṣe pé òun ò fẹ́ràn wọn, ó ní ó ti rẹ òun ni. Gbogbo wa la máa ń sọ fún un pé "Ọlọ́run á san án fún ọ." Kò sẹ́ni tó bá a pọn omi.

Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró, ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín ará abúlé, nínú ilé gbogbo ènìyàn, ẹbí kan sì ní láti bá aláìsàn wá láti máa ṣètọ́jú rẹ̀. Dókítà ń ṣe tiẹ̀, abúlé ń ṣe tiwọn. Jésù náà, lórí àgbélébùú, nínú ìrora yẹn, kò ní kí áńgẹ́lì máa tọ́jú ìyá òun. Ó fà á lé ẹnì kan tó dúró níbẹ̀ lọ́wọ́, ọmọlẹ́yìn náà sì mú un lọ sílé ara rẹ̀. Àdúrà ńkọ́? À ń gbà á. Àmọ́ kí àdúrà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

OHUN TÍ A Ó ṢE:

1. Bí àgbà kan bá ti ń gbàgbé lọ́nà tó ṣàjèjì, ọ́síbítù ni ká kọ́kọ́ lọ. Àwọn ọ́síbítù ńlá wà ní Adó àti ní Ìdó. Ní UCH Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ti wà láti 2012. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó jọ ọ́ tí ìtọ́jú sì wà fún: àìtó fítámìn B12, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìsàn inú ìtọ̀, oògùn tí kò bára mu. Dìmẹ́ńṣíà fúnra ẹ̀, oògùn lè ran àwọn kan lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, kò tíì sí èyí tó ń wò ó sàn.

2. Ẹ̀yin tí ara yín ṣì le, ẹ máa wo ìfúnpá yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpá-rọsẹ̀ wà lára ohun tó ń fa irú kan nínú ẹ̀.

3. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí aṣọ wọn. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò àti ọlọ́kadà, kí wọ́n lè mú wọn padà wálé.

4. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, owó yín dára, ẹ má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó ń tọ́jú wọn lè sùn.

5. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ ká pín ọjọ́. Èmi gba ọjọ́ Ẹtì. Ta ló gba ọjọ́ Ajé?

6. Bí wọ́n bá gbé arúgbó kan wá síwájú yín pé ó ti jẹ́wọ́ àjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èmi àti ìyá àgbà mi. Ẹ fún wọn lóúnjẹ ná.

ÀDÚRÀ: Olúwa, Ìwọ tí kì í gbàgbé, bá wa rántí àwọn tó ti gbàgbé ara wọn. Dárí jì wá fún àwọn ìyá tí a ti fi ìmọ̀ díẹ̀ ṣe níkà. Fún àwọn tó ń tọ́jú wọn lágbára, sì fi àwa ṣe olùrànlọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí àwa náà bá gbàgbé, má jẹ́ ká ṣaláìní ẹni tí yóò pè wá lórúkọ. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń tọ́jú òbí. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tán, ẹ pè é. Ẹ kú òwúrọ̀ o.