Ìgbà Wo Ni Ẹmu Di Ọtí?

Oje tó ń kán láti ara ọ̀pẹ sínú akèrègbè adẹ́mu kò ní ọtí nínú. Omi dídùn lásán ni. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà lára oyin tó ń bà lé e, ó sì pọ̀ jù lọ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ akèrègbè. Kí adẹ́mu tó fi igbà sọ̀ kalẹ̀, ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀. Kí ẹmu òwúrọ̀ tó ti oko dé Ọjà'ba ní Ìbàdàn, ó ti ń hó. Bó bá di ọ̀sán, ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 4 nínú 100. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Wáìnì pupa ilẹ̀ olótùútù, irú ti Burgundy ní Faransé, ṣeé fi pamọ́ sínú ìgò fún ọdún mẹ́wàá, kó sì máa dára sí i. Ẹmu ò mọ ọ̀la. Orúkọ kan ló ń jẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà fún wákàtí méjì.

Ní agboolé kan ní Bẹẹrẹ tàbí nísàlẹ̀ òkè Màpó, mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹni tó ṣì ń bọ Ògún lè jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Bí akèrègbè bá dé àárín wọn níbi ìnáwó, ìbéèrè pé ìgbà wo ni ẹmu di ọtí ti bá a dé.

Nínú òfin Ìsìláàmù, ìlànà Máálíkì ni ọ̀pọ̀ àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀: ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pani, díẹ̀ rẹ̀ náà hàráàmù. Síbẹ̀, hádíìsì wà pé Ànábì Muhammad máa ń mu omi tí wọ́n rẹ àjàrà gbígbẹ sí, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní mu ún mọ́. Omi kan náà, àjàrà kan náà, àkókò ló yàtọ̀. Oje ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀, ipò tó bá dé ni òfin ń dá lẹ́jọ́. Ta ló máa wá jẹ́rìí pé ó ti dé ipò náà? Ẹnu ni. Ẹni tí kò mu ẹmu rí kò sì lè mọ̀ ọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n ti mu ún.

Ẹni tó mọ ẹmu kì í kù gìrì gbé e mì. Á fi etí ahá ti ìfófòó àti òkú oyin sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tẹ́tí sí híhó rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, kó tó tọ́ ọ wò. Bí adùn bá ṣáájú tí kíkan tẹ̀ lé e, ti òní ni. Bí kíkan bá ṣáájú, ti àná ni, ohun yòówù kí ẹlẹ́mu máa búra lé lórí. Ẹmu dídùn kò sì bá àmàlà àti gbẹ̀gìrì mu. Inú á kàn wú ni. Èyí tó ti ń kan díẹ̀ ló yẹ àsun, nítorí kíkan a máa gé ọ̀rá ẹran kúrò lẹ́nu, iṣẹ́ kan náà tí wáìnì Burgundy ń ṣe lórí ẹran pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹni tó kọ́kọ́ to oúnjẹ Ògún mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú: ajá, iṣu sísun, ẹmu. Èéfín àti kíkan jọ ń lọ. Èèwọ̀ ni ẹmu fún Ọbàtálá, nítorí ìtàn ọjọ́ tó mu ún yó lẹ́nu iṣẹ́ tí Olódùmarè rán an. Oúnjẹ tirẹ̀, ìgbín àti ọbẹ̀ àtẹ, kò tilẹ̀ ní iyọ̀ tí ẹmu ìbá dì mú. Ohun mímu kan náà jẹ́ oúnjẹ òrìṣà kan, ó sì jẹ́ ìtìjú òrìṣà kejì. Ní ti onígbàgbọ́, ife oúnjẹ alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì Kúdẹtì, tí ajíhìnrere David Hinderer dá sílẹ̀ láàárín ọdún 1850 sí 1860, ti àjàrà ni, kì í ṣe ti ọ̀pẹ. Ẹmu kò dé orí pẹpẹ.

Ohun tó ba ẹ̀rí ẹnu jẹ́ pátápátá ni àgbáyun. Èso pupa kékeré yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán tó wá mu ohun kíkan, adùn ló máa gbọ́. Ní 1852, W. F. Daniell, oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń fi í mú ẹmu tó ti kan dùn. Purotéènì inú rẹ̀, miraculin, a máa rọ̀ mọ́ ahọ́n, bí kíkan bá sì ti kàn án, ahọ́n á kà á sí adùn. Ẹmu àná wá dà bí ẹmu òwúrọ̀ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ọtí inú rẹ̀ kò dín ẹ̀kán kan. Ìdí nìyí tí ọ̀nà Máálíkì fi dára ju bí àwọn kan ṣe rò lọ: kò bi ahọ́n léèrè bóyá ó dùn, ohun tí akèrègbè lè ṣe fún ẹni tó bá mu ún tán ló ń wò. Láàárín ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí méjì, àgbáyun á ti ṣí kúrò lẹ́nu, ẹmu tó kù nínú ahá á sì kan bó ṣe ń kan tẹ́lẹ̀.