Mo Wà Lẹ́yìn Rẹ Bí Iké

Fara balẹ̀ ka ìtàn yìí, nítorí kì í ṣe àwọn ọba nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1914, ọmọkùnrin kan, ẹni ọdún 19, tó ń jẹ́ Gavrilo Princip, yìnbọn pa Franz Ferdinand àti Sophie ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ìlú Sarajevo. Franz Ferdinand ni ìbá gorí ìtẹ́ lẹ́yìn Franz Joseph, ọba arúgbó tó ń ṣàkóso Austríà àti Húngárì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnì kan ti kọ́kọ́ ju bọ́ǹbù sí wọn, kò bà wọ́n. Nígbà tó yá ni awakọ̀ ṣì yà sí ọ̀nà tí kò yẹ kó yà sí. Ibi tó ti dúró kó lè padà sẹ́yìn gan-an ni Princip wà.

Ikú burúkú ni, ẹni tí wọ́n sì pa ènìyàn rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ọwọ́ àwọn ológun kan ní Sérbíà ni Princip àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ohun ìjà. Ìjà Austríà àti Sérbíà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1908, Austríà sọ ilẹ̀ Bọ́sníà, níbi tí Sarajevo wà, di tirẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ojú Sérbíà wà lára ilẹ̀ náà. Rọ́ṣíà ń gbèjà Sérbíà. Jámánì ti bá Austríà mulẹ̀ láti ọdún 1879, Faransé náà ti bá Rọ́ṣíà mulẹ̀. Jámánì tún ń kan ọkọ̀ ogun kó lè bá Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba lórí òkun. Kálukú ló ń di ẹlòmíràn sínú. Síbẹ̀, ọdún pọ̀ tí wọ́n ti ń dira wọn sínú tí ogun ńlá kò sì ṣẹlẹ̀. Ó ku ẹni tí yóò sọ pé ó yá.

Àwọn aláṣẹ Austríà fẹ́ fìyà jẹ Sérbíà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù Rọ́ṣíà ń bà wọ́n. Wọn kò lè dá a ṣe. Wọ́n kọ lẹ́tà sí Wilhelm, ọba Jámánì, aṣojú wọn sì gbé e lọ fún un láàfin Potsdam ní ọjọ́ 5 oṣù Keje. Wilhelm ka lẹ́tà náà. Ní àkọ́kọ́, ó fà sẹ́yìn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà lè fa wàhálà ńlá, pé òun ní láti kọ́kọ́ bá olórí ìjọba òun sọ̀rọ̀. Ìbá dára ká ní ibẹ̀ ló dúró sí! Wọ́n jókòó, wọ́n jẹun ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, aṣojú náà tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, Wilhelm sì fún un lésì: kí Austríà ṣe ohun tó bá fẹ́ ṣe, bí Rọ́ṣíà tilẹ̀ dá sí i, Jámánì yóò wà lẹ́yìn wọn. Ó tún gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n má ṣe fi falẹ̀.

Wo ohun tí kò ṣe. Kò béèrè pé, kí lẹ fẹ́ ṣe gan-an? Kò béèrè ohun tí Sérbíà ní í sọ. Kò sọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ òun yóò dé tí yóò dúró. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ọjọ́ kejì, Bethmann Hollweg, olórí ìjọba rẹ̀, fọwọ́ sí ìlérí náà, Wilhelm sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gbafẹ́ ní Nọ́wè.

Ìwọ náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò rẹ kó ìbínú wọlé tọ̀ ọ́ wá, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ lórí ilẹ̀ bàbá yín, tàbí ìyàwó rẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. O fẹ́ràn rẹ̀. O ní, “Lọ bá wọn, mo wà lẹ́yìn rẹ bí iké.” Ó dà bí ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kò ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ lẹ́nu rẹ, bó o tilẹ̀ pa dà wá fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Kí o tó sọ ọ́, bi í léèrè ibi tó ń lọ. Lọ gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Bó bá tìtorí èyí bínú sí ọ, jẹ́ kó bínú.

Ní Vienna, olú ìlú Austríà, ìlérí Wilhelm lé ìbẹ̀rù lọ. Nínú ìgbìmọ̀ ọjọ́ 7 oṣù Keje, István Tisza nìkan, olórí ìjọba Húngárì, ló ní òun kò fara mọ́ ogun. Ó rí i pé Rọ́ṣíà kò ní wòran. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òun náà yí ohùn padà. Ní ọjọ́ 23, wọ́n béèrè ohun mẹ́wàá lọ́wọ́ Sérbíà, wọ́n fún un ní wákàtí 48 kó fi fèsì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ lọ́nà tí Sérbíà kò fi ní lè gbà á tán. Sérbíà gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Austríà kọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ 28, Wilhelm ti dé, ó ka èsì Sérbíà fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìdí kankan fún ogun mọ́. Lọ́jọ́ kan náà, Austríà tẹ wáyà sí Sérbíà pé ogun ti dé. Ìmọ̀ràn Wilhelm bá wọn níbi tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Rọ́ṣíà pe gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ jọ. Wilhelm àti Nicholas ọba Rọ́ṣíà, tí í ṣe ẹbí rẹ̀, ń tẹ wáyà síra wọn tọ̀sán-tòru, wọ́n ń fi orúkọ ìnagijẹ pe ara wọn, Willy àti Nicky. Kò mú nǹkan kan dúró. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, Wilhelm ní kí àwọn ọmọ ogun òun yí ojú kọ Rọ́ṣíà nìkan, kí wọ́n fi Faransé sílẹ̀. Moltke, ọ̀gá ológun rẹ̀, ní kò ṣeé ṣe: Faransé ni ètò wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ lù, wọ́n sì ti to gbogbo rélùwéè síbẹ̀. Ní ọjọ́ 4, Jámánì wọ Bẹ́ljíọ̀m kó lè gba ibẹ̀ dé Faransé, Gẹ̀ẹ́sì náà sì wọ ogun.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọmọ-ọmọ Victoria, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ni Wilhelm, bẹ́ẹ̀ náà ni ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìyàwó Nicholas. Òkò náà sì jìnnà. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, wọ́n ti jà dé Kamina lẹ́bàá Atakpamé ní Tógò, láàárín àwọn Ifẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìyá àwa Yorùbá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ jà ní Kamẹrúùnù, wọ́n tún lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà wálé. Ọmọ ogun tó kú nínú gbogbo ogun náà lé ní mílíọ̀nù 9.

Wọ́n yìnbọn pa Nicholas àti ìyàwó àtọmọ lọ́dún 1918. Ilẹ̀ Austríà òun Húngárì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wilhelm sá lọ sí Nẹ́dálándì, ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1941. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1918, àwọn ọmọ ogun kan já wọ ilé Tisza ní Budapest, wọ́n ní òun ló fa ogun, wọ́n sì yìnbọn pa á níbẹ̀.