Ta Ló Jẹ̀bi Ọ̀dá?

Iyanrìn aṣálẹ̀ ló bo Koumbi Saleh mọ́lẹ̀ ní Mauritáníà. Láti 1914 ni wọ́n ti ń hú ilé olókùúta àti mọ́sáláṣí jáde níbẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni olú ìlú Gánà àtijọ́, ìjọba tí òwò wúrà sọ di ńlá. Al-Bakri, òǹkọ̀wé Lárúbáwá tó kọ̀wé ní 1068, ní ọba ló máa ń gba gbogbo wúrà tó bá ṣù. Ẹ̀lẹ̀bútú rẹ̀ nìkan ni ti ará ìlú.

Kí ló tú irú ìlú bẹ́ẹ̀? Àwọn òpìtàn ní ọ̀dá, ogun, àti ọ̀nà òwò tó yí padà.

Ejò ni àwọn Soninke, tó ni ìjọba náà, ń sọ ní tiwọn. Ejò náà, Bida, ń gba wúńdíá kan lọ́dọọdún, ó sì ń fún ìlú ní òjò àti wúrà. Nígbà tó kan wúńdíá kan tó ń jẹ́ Sia, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yọ idà, ó bẹ́ ejò náà lórí. Òjò dá, wúrà ṣí lọ síbòmíì.

Ọ̀dá wà nínú ìtàn Èjìgbò náà. Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Awoléjé, ọ̀rẹ́ Òrìṣà Ògìyán tó jẹ ọba Èjìgbò, wá kí i, ó sì fi oyè àwàdà pe ọba bí ọ̀rẹ́ ti í pe ọ̀rẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lù ú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Òjò kọ̀, obìnrin ò bímọ. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, kò gba ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ará ìlú na ara wọn kí òun tó dárí jì wọ́n. Ìdí nìyí tí àdúgbò Òkè Màpó àti Ìsàlẹ̀ Òṣòlò fi ń ko àtòrì lójú lọ́jọ́ ọdún Ògìyán, tí ara ń lé wú bàtàbàtà. Àwọn ọlọ́rìṣà Bahia, ní Brazil, ń ṣe é títí dòní, àmọ́ wọ́n rọra ń fi ọ̀pá kan ara wọn ni.

Ó ṣòro kéèyàn má gbè sẹ́yìn Èjìgbò. Ọrùn ọmọbìnrin kan ni àwọn ará Gánà gbé gbèsè wọn kà, wọ́n wá ní ẹni tó kọ̀ ló ba ìlú jẹ́!

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ń jẹ àtòrì lónìí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n lu Awoléjé. Òótọ́ ni, àmọ́ òun náà ń mu nínú òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìdáríjì. Àwọn ọmọ Èjìgbò tó ti ń ṣòwò ní Àbíjáànì láti ìran dé ìran ńkọ́, tí wọ́n ń mu omi ẹlòmíì? Ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́lé sílé, òjò Èjìgbò ló sì ń rọ̀ sórí páànù wọn.