IṢẸ́ ṢÁÁJÚ AGBÁDÁ

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:19-21, 2 Àwọn Ọba 2:8-15, Jòhánù 13:3-15

Àsìkò tí àwọn ìdàpọ̀ wa máa ń yan adarí tuntun tún ti dé. Àwọn kan ń gbàdúrà, àwọn kan ń ṣírò. Bí wọ́n bá ka orúkọ tán, inú àwọn kan yóò dùn, àwọn mìíràn kò sì ní wá sí ìpàdé mọ́. Mo mọ arákùnrin kan tó lu ìlù nínú ìdàpọ̀ fún ọdún mẹ́ta, tó sì lọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọn kò pe orúkọ rẹ̀. Nítorí irú rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n gba ibi tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ wọlé. Ẹ mọ àwọn eré orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń dá akọni tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jọ ń rìn nínú ìlú kan náà. Ní 2004, ilé-iṣẹ́ Cryptic Studios gbé ọ̀kan jáde ní Amẹ́ríkà, City of Heroes lorúkọ rẹ̀. Eré àwọn akọni alágbára tó ń fò lójú ọ̀run ni. Ẹni tó bá ti rí àwòrán Superman mọ̀ pé irú akọni bẹ́ẹ̀ a máa ní aṣọ èjìká, èyí tí wọ́n so mọ́ ọrùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Síbẹ̀, nígbà tí eré náà kọ́kọ́ jáde, kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n tó fi kún un.

Kí ló dé? Iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro ni. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó ń jẹ́ aṣọ. Àwọn ojú kéékèèké tí a so pọ̀ bí àwọ̀n apẹja ló mọ̀. Bí akọni bá gbé ẹsẹ̀ kan, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣírò ibi tí ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí: bí afẹ́fẹ́ ṣe tì í, bí ìwúwo rẹ̀ ṣe fà á wálẹ̀, bí èjìká ṣe dí i lọ́nà. Bí ìṣírò náà kò bá péye, aṣọ yóò gba inú itan akọni kọjá bí ìgbà tí itan náà kò sí níbẹ̀. Ká ní ojú àwọ̀n 150 ló wà nínú aṣọ kan, tí akọni 100 pé jọ sí ojúde kan, tí àwòrán sì ń yí nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣírò 900,000 nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún aṣọ nìkan!

1. Agbádá wúwo ju bí ojú ti ń rí i lọ.

Ohun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ yẹn, tó dà bíi pé kò wúwo rárá, òun gan-an ló ń di ẹrù ru kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni ipò rí. Láti orí ìjókòó wa, a ń rí ààrẹ ìdàpọ̀ tó di gbohùngbohùn mú. A kì í rí òru tí kò sùn. Ẹ wo orí 19 tí a kà yẹn dáadáa. Kí Èlíjà tó da agbádá rẹ̀ bo Èlíṣà ní ẹsẹ 19, ní ẹsẹ 4 ó ti jókòó lábẹ́ igi, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun. Ẹni tó ni agbádá tí a ń wò yẹn nìyẹn o! Ẹ̀yin tó ń bẹ̀bẹ̀ fún agbádá, ṣé ẹ ti bẹ̀bẹ̀ fún èjìká?

2. Iṣẹ́ ló ń ṣáájú.

Nígbà tí aṣọ èjìká wọ inú eré náà, wọn kò fi fún gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Akọni gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ dé ìpele 20, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ kan pàtó, kí ó tó lè wọ̀ ọ́.

Èlíṣà mọ èyí. Agbádá kan èjìká rẹ̀ nínú oko níbi tó ti ń fi màlúù túlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé e lọ sílé. Nígbà tí a tún rí agbádá náà ní 2 Àwọn Ọba 2:8, ọwọ́ Èlíjà ló ṣì wà. Láàárín ìgbà méjèèjì, kí ni Èlíṣà ń ṣe? Nígbà tí ọba béèrè wòlíì ní 2 Àwọn Ọba 3:11, ohun tí wọ́n fi júwe Èlíṣà ni pé òun ló máa ń bu omi sí Èlíjà lọ́wọ́. Agbádá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, odò Jọ́dánì sì ti pín níwájú rẹ̀, àmọ́ omi tó bù ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Arábìnrin tó ń gbá gbọ̀ngàn ìpàdé, arákùnrin tó ń gbé àga, ẹ má rò pé ẹ ń ṣòfò.

3. Ibi tí a ti ń ṣe àkọsílẹ̀ kò ka agbádá sí.

Èyí ló wọ̀ mí lára jù. Nínú irú eré wọ̀nyí, kọ̀ǹpútà àgbà kan wà tí gbogbo òṣèré so mọ́, èyí tí à ń pè ní sáfà. Sáfà ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo. Ó mọ ibi tí o dúró sí, ó mọ ohun tí o ṣe. Ó lè mọ̀ pé o yan aṣọ èjìká, àmọ́ bí aṣọ náà ṣe ń fẹ́ kò kàn án. Kọ̀ǹpútà oníkálukú ló máa ń ṣírò ìyẹn fúnra rẹ̀, nítorí náà bí aṣọ rẹ ṣe ń fẹ́ lójú tìrẹ lè má rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹnìkejì rẹ.

Àwọn baba wa ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Nínú 1 Sámúẹ́lì 16:7, Olúwa jẹ́ kí Sámúẹ́lì mọ̀ pé ojú ni ènìyàn ń wò, ọkàn ni Òun ń wò. Ibi tí o dúró sí àti ohun tí o ṣe, ìyẹn ló wà nínú ìwé lọ́run.

4. Ẹnì kan bọ́ aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó ṣe City of Heroes fi ìtàn kan ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Wọ́n ní akọni kan, Hero 1, fi ara rẹ̀ jìn láti gba ayé là lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá, àti pé láti bọlá fún un ni àwọn akọni tuntun kì í fi í wọ aṣọ èjìká títí wọn yóò fi yẹ fún un. Ìtàn lásán ni. Àmọ́ àwa ní èyí tó jẹ́ òótọ́. Ní Jòhánù 13, Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé Òun lọ́wọ́. Ìgbà náà gan-an ló dìde, tó bọ́ aṣọ Rẹ̀ sílẹ̀, tó mú aṣọ ìnura, tó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ Júdásì wà níbẹ̀. Ta wá ni àwa tí a ó bínú kúrò nílé Ọlọ́run torí wọn kò fún wa láṣọ?

Ẹ̀yin tó ti jáde yunifásítì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ààrẹ lórí ọgbà. Ní ìjọ ńlá tí ẹ wà báyìí, ẹ̀yìn lẹ ń jókòó, kò sẹ́ni tó mọ̀ yín. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2012, wọ́n pa sáfà City of Heroes. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ tún gbé e dìde lọ́nà tiwọn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ti ìpele kìíní àti ti ìpele gíga, gbogbo aṣọ èjìká ló pòórá pọ̀. Bí agbádá yín bá ti lọ, aṣọ ìnura ṣì wà. Ìjọ yín ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ lọ gbà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ arákùnrin onílù bí èyí tí mo sọ, kí ó lọ wò ó ní yàrá rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kí ó má bá a jiyàn ipò. Kí ó sọ fún un pé a ń wá a.

Ẹ gbàdúrà:
- Baba, fún mi ní èjìká kí O tó fún mi ní agbádá.
- Olúwa, mú ìbínú ipò kúrò láàárín wa, kí O sì dá àwọn tó ti lọ padà.
- Jésù Olúwa, kọ́ mi láti gbé aṣọ ìnura níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi. Àmín.